Ta ló ni CECAM, ibùdó ìwádìí tó wà ní Yúróòpù yẹn, ṣé European Union ló ń darí ẹ̀ ni?

Rárá o, àwọn àjọ ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Yúróòpù ló para pọ̀ ń dáwó sí CECAM, àwọn aṣojú wọn ló sì ń jókòó sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀. Ibẹ̀ làwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣèwádìí lórí átọ́ọ̀mù àti mólékù ti ń pàdé. Carl Moser ló dá a sílẹ̀ ní 1969 ní Orsay nílẹ̀ Faransé, wọ́n gbé e lọ sí Lyon, àtọdún 2008 ló sì ti wà ní yunifásítì EPFL ní Lausanne, Switzerland, àmọ́ ó láwọn ẹ̀ka káàkiri tó ń ṣètò nǹkan tiwọn.

Wọ́kíṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ìpàdé àwọn onímọ̀, gan-an niṣẹ́ ibẹ̀: ẹni tó bá ní àbá á kọ ọ́ ránṣẹ́, àwọn onímọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i. Èso ẹ̀ ò sì kéré rárá, torí nínú èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Herman Berendsen ṣètò ní Orsay ní 1976 ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ṣàfihàn ìrìn átọ́ọ̀mù inú purotéènì, iṣẹ́ tó jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí owó European Union ti wọ̀ ọ́ ni àwọn iṣẹ́ àkànṣe bí E-CAM tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, owó wọn ni wọ́n fi ṣèyẹn.