Èsì: Dída C àti D pọ̀ láìpàdánù fáìlì

Ẹ ní C, ìpín dírááfù kọ̀ǹpútà yín tí Windows wà, ti kún dẹ́nu, D, ìpín kejì, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ẹ wá fẹ́ da méjèèjì pọ̀ láìpàdánù nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀: Disk Management, ètò inú Windows tó ń bójú tó ìpín dírááfù, kì í lẹ ìpín méjì pọ̀ tòun ti ẹrù inú wọn. Ẹ ní láti pa D rẹ́ kí C tó lè gba àyè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà lórí D kọ sórí dírááfù mìíràn tó dá dúró, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú wọn wò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Tí ètò kan bá wà tí ẹ fi sórí D, ẹ ó tún un fi sí i ni.

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti X pọ̀, ẹ mú Disk Management. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ D, ẹ mú Delete Volume, kó di Unallocated, ìyẹn àyè tí kò sí lábẹ́ ìpín kankan. Ẹ wá fi apá ọ̀tún máòsì tẹ C, ẹ mú Extend Volume, kó lè gba àyè náà.

Bí Extend Volume bá ṣú tí kò ṣeé tẹ̀, ẹ wo àwòrán ìsàlẹ̀. Àfàìmọ̀ kí Recovery Partition, ìpín tí Windows fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, má wà láàárín C àti àyè náà, torí àyè tó fara kan C lọ́wọ́ ọ̀tún gan-an ló ń gbà. Ẹ má pa Recovery Partition náà rẹ́. GParted, ètò ọ̀fẹ́ kan fún títún ìpín dírááfù tò, lè sún un. Àmọ́ kí iná má lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà o, ibẹ̀ gan-an ni fáìlì ti ń ṣègbé.