Má Tíì San 180,000 Sẹ́fà Náà: Ìdáhùn fún Olùkọ́ tí Iṣẹ́ Fẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìtàn àti jógíráfì ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), ó ti pé ọdún 11. Kíláàsì 8 la ní tẹ́lẹ̀, ó ti ku 5. Ẹni tó ni ilé-ìwé sì ti ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pé kí oníkálukú máa wá ibi gbà. Èmi ò mọ̀ ju kí n mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ lọ. Àwọn kan ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 180,000 sẹ́fà ni, wọ́n á fún mi ní ìwé ẹ̀rí "ressources humaines", ìyẹn ìṣàkóso òṣìṣẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ ní Kútọnu. Ṣé kí n ṣe ìyẹn ni, àbí ti kọ̀ǹpútà? Ìyàwó mi ní kí n lọ gun zém, ọ̀kadà akérò.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ dé ibi "ìwé ẹ̀rí", mo ti mọ èyí tó kù. Ìkarùn-ún irú rẹ̀ rèé láti oṣù kìíní. Iye owó nìkan ló ń yí padà: 120,000, 150,000, tìẹ wá jẹ́ 180,000. O ní kí n bá ọ yan ọ̀kan nínú ìwé ẹ̀rí méjì. Mi ò ní yan ìkankan, nítorí irọ́ kan ti wà nínú ìbéèrè náà kó o tó bi mí: pé ọdún 11 tó o fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò kọ́ ìwọ fúnra rẹ ní nǹkan kan, àfi kí ẹnì kan lu òǹtẹ̀ sórí bébà fún ọ kó o tó di èèyàn.

Kì í ṣe àìmọṣẹ́ rẹ ló ń dín kíláàsì kù. Ilé-ìwé aládàáni nílùú wa, owó ìyá ọlọ́jà ló ń gbé e ró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè, kò ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwọn ìyá wa ò tíì gbé orí sókè tán tí wọ́n fi yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́hùn-ún ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ni kpayo, epo tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, bá gbówó lórí, ni náírà náà bá já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ta epo nínú ìgò lẹ́bàá títì, ọmọ mélòó ni yóò sanwó kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni fún? Ó kó wọn lọ sí ti ìjọba. Ìjọba náà, láti ọdún 2019 ló ti ń gba olùkọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí "aspirant", olùkọ́ oníwèé àdéhùn, AME tí gbogbo yín mọ̀. Tó o bá ní BAPES tàbí CAPES, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n bá ṣí ìforúkọsílẹ̀, forúkọ sílẹ̀. Mi ò ní ju ìyẹn sọ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bébà ni kí a padà sí. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò yan òṣìṣẹ́, nítorí náà wá bá mi jókòó níbi tí mo máa ń jókòó sí. Lọ́dún tó kọjá, Àlájì kan ní Ouando tó ń ta sìmẹ́ǹtì, irin àti táìlì ní kí n bá òun wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ sítọ́ọ̀, tí yóò máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, magasinier ni wọ́n ń pè é. Fáìlì kún orí àga. Èèyàn mẹ́sàn-án nínú wọn mú ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà wá láti ibì kan náà: òǹtẹ̀ kan náà, ìbuwọ́lùwé kan náà, etí bébà aláwọ̀ wúrà kan náà. Àlájì yìí ò kàwé kọjá CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọ, ó tò wọ́n bí ẹni to káàdì, ó ní: "Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n wá ṣe é kí n rí i."

La bá gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀. Ìdánwò mi ò ju ìlà 12 lọ: orúkọ ọjà, iye tó wà nílẹ̀, iye tí a ń ta ẹyọ kan. Mo ní kí wọ́n bá mi ro iye tí gbogbo rẹ̀ tó lówó. Nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló rí i ṣe, fóònù ló sì fi ro ó kó tó wá tẹ èsì rẹ̀ sínú Excel bí ẹni tẹ lẹ́tà. Ẹnì kan ro gbogbo iye ọjà pọ̀, ó ro gbogbo iye owó pọ̀, ó wá fi àpapọ̀ kan sọ èkejì di púpọ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò rí, Àlájì ì bá ti ra Àjàṣẹ́ tán.

Olùkọ́ bíi tìẹ ló gba iṣẹ́ náà. Obìnrin kan tó kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé fún ọdún 8 ní ilé-ìwé kan lápá Tokpota, kí ẹni tó ni ín tó tì í pa. Kò ní ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà kankan. Ó wo ìlà 12 náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Moyenne mà nìyí," ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì. Kò kọ́kọ́ yé mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe professeur principal, olùkọ́ tó ni kíláàsì, rí ti mọ ibi tó ń lọ. Tí sáà bá parí, ẹ ó mú máàkì ọmọ nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fi coefficient iṣẹ́ yẹn, ìyẹn bó ṣe wúwo tó, sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó fi àpapọ̀ coefficient pín in. Ọmọ tó lé ní 40, lọ́dọọdún, fún ọdún 8. Obìnrin yìí kàn fi iye owó sí ipò máàkì, ó fi iye àpò sìmẹ́ǹtì sí ipò coefficient, ó sì dúró kó tó kan pínpín. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ti fi hàn án lálẹ́ ọjọ́ kan bí Excel ṣe ń fi SOMMEPROD ro irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ó ti sú u kó máa fọwọ́ ro bulletin, ìwé èsì àwọn ọmọ. Alẹ́ ọjọ́ kan péré, nítorí ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ti yé e kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Àwọn tó sanwó kọ́ ibi tí bọ́tìnì wà ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

Ó ṣe tán, Àlájì ní èsì rẹ̀ ò bá ti òun mu. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó padà sí ìlà kìíní, ó ń fi ìka lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé èmi tí mo ṣe ìdánwò ni mo kọ táìlì kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ ọ́ fún mi níwájú gbogbo èèyàn. Ohùn tí ẹ fi máa ń bá ọmọ cinquième tó jí ìwé wò wí náà ni. Àlájì ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ìwọ ńkọ́? O ní ṣọ́ọ̀kì nìkan lo mọ̀. Ta ló ń gba owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, tó ń kọ ẹni tó san àbọ̀ àti ẹni tó ń sá? Ta ni ìyá tó bínú máa ń bá láàárọ̀, tó ń fi Ẹ̀gùn sọ̀rọ̀, tí ìwọ fi Ẹ̀gùn pẹ̀tù sí i nínú, tó o tún wá fi Faransé kọ ìròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá? Jókòó pẹ̀lú ìwé àjákọ kan. Kọ gbogbo ohun tó o ṣe láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹfà, yàtọ̀ sí kíkọ́ni. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ bí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ṣe máa pè é. Má kọ "enseignant d'histoire-géographie, 11 ans" kó o sì lọ sùn. Kọ "suivi des frais de scolarité de trois classes", ìyẹn títọ́jú àkọsílẹ̀ owó ilé-ìwé kíláàsì mẹ́ta, tó bá jẹ́ mẹ́ta ni lóòótọ́. Kọ iye èèyàn, kọ iye owó tó gba ọwọ́ rẹ kọjá, kọ iye ọdún. Má purọ́ o, nítorí pé irú ìdánwò onílà 12 yẹn wà níbi púpọ̀.

Iṣẹ́ tí mo rí i pé olùkọ́ máa ń bọ́ sí nínú wọn lágbègbè wa: ọ́fíìsì àwọn transitaire, ìyẹn àwọn tó ń bá èèyàn yọ ẹrù lẹ́nubodè, torí pé wọ́n nílò ẹni tó lè kọ lẹ́tà Faransé tó mọ́, tó sì lè ka ti Gẹ̀ẹ́sì; sítọ́ọ̀ àti káṣì àwọn olówò ńlá; iṣẹ́ animateur, ẹni tó ń dá àwọn ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́, lọ́dọ̀ àwọn ONG, àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba; àti agent de crédit, ẹni tó ń bójú tó owó yíyá, níléeṣẹ́ microfinance. Èyí tó kẹ́yìn yìí bá olùkọ́ mu ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Wàá bá ìyá ọlọ́jà jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀, wàá bi í ní ìbéèrè láìfi í ṣẹ̀sín, wàá kọ fáìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má tàn ọ́: iṣẹ́ orí ọ̀kadà ni, iye owó tó gbọ́dọ̀ padà wọlé lóṣù kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tí ojú ń tì láti bèèrè gbèsè kò lè ṣe é. Owó oṣù ìbẹ̀rẹ̀ ibi púpọ̀ ò sì jìnnà sí SMIG, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin, 52,000 sẹ́fà láti oṣù kìíní ọdún 2023. Fi ìyẹn wo 180,000 tí wọ́n ní kó o san: ó ju owó oṣù mẹ́ta lọ, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mi ò sọ pé gbogbo ìwé ẹ̀rí ni òfo. Iṣẹ́ wà tí òfin ò jẹ́ kéèyàn wọlé sí láìní díplómà: iṣẹ́ ìlera, iṣẹ́ agbẹjọ́rò, àwọn mìíràn. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ dára. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ, Songhaï, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀, wà níbí láti ọdún 1985. Lọ wò ó pẹ̀lú ojú ara rẹ, kó o sì mọ ilẹ̀ tó o máa dá kó tó di pé o kọ́ ẹja sísìn. Ṣùgbọ́n "attestation" kì í ṣe díplómà. Ohun tó ń jẹ́rìí sí ò ju pé o wá jókòó níbẹ̀ lọ. "Ressources humaines" lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ta ló máa fi ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́? Bí o bá ṣì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ní kí wọ́n dárúkọ iléeṣẹ́ mẹ́ta tó gba àwọn tó ti jáde níbẹ̀, kó o lọ bi iléeṣẹ́ náà. Ní kí wọ́n fi ọ sílẹ̀ kó o san owó náà lẹ́yìn tó o bá wọṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ "ti wà nílẹ̀". Mo ti gbọ́ ìdáhùn wọn sí ìyẹn, mi ò ní bà á jẹ́ fún ọ. ANPE, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń báni wáṣẹ́, ń forúkọ ẹni tó ń wáṣẹ́ sílẹ̀, kò gba kọ́bọ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú lẹ́tà rẹ, ìwọ ò bèèrè rẹ̀. Ọ̀gá rẹ "ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀". Bó bá gbé ìwé kan wá pé kó o kọ démission, ìyẹn pé ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ lọ, má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n dá dúró nítorí kíláàsì ò sí, ẹ̀tọ́ wọn ò dọ́gba. Lọ sí CNSS, àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, nísinsìnyí, kó o tó kúrò, kó o wò ó bóyá wọ́n kọ oṣù rẹ sílẹ̀ pé. Wọ́n ń yọ 3.6% nínú owó rẹ, ó sì yẹ kí ọ̀gá fi 6.4% sí i fún ti ìfẹ̀yìntì; oṣù 180 ló ń múni gba owó ìfẹ̀yìntì, ọdún 11 rẹ jẹ́ 132 tí gbogbo rẹ̀ bá wọlé. Mo ti rí ẹni tó bá oṣù 40 péré níbẹ̀. Gba certificat de travail rẹ, ìwé tó ń jẹ́rìí pé o ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ ni, kì í ṣe ojúrere. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn rẹ, bóyá vacataire, ẹni tí wọ́n ń san owó wákàtí fún, lo jẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ gidi. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá dìjà, inspection du travail, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni kó o gbé e lọ kó tó di ilé ẹjọ́, má fi ìdáhùn mi yìí bá ọ̀gá rẹ jà.

Ti zém ńkọ́? Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá tán lóṣù kẹfà tí o ò tíì rí òmíràn, yá ọ̀kadà, gùn ún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fi ọ̀sán gbé fáìlì kiri. Ohun tí mo máa kọ̀ fún ọ ni kó o gba ọ̀kadà tuntun lórí gbèsè olóṣù méjìdínlógún. Ìgbà yẹn, gbèsè ni yóò máa gùn ọ́. Bá mi kí ìyàwó rẹ. Nínú gbogbo àwọn tó gbà ọ́ nímọ̀ràn, òun nìkan ló dárúkọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lóòótọ́.