Ìbéèrè Yín: Obìnrin àti Ipò Ọ̀gá Nídìí Ìpolówó Ọjà

Obìnrin ti jẹ ààrẹ ADVAN rí, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń polówó ọjà wọn ní Nàìjíríà: Folake Ani-Mumuney ni. Bunmi Oke náà ti jẹ ààrẹ AAAN, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn ṣe ìpolówó. Nítorí náà, kì í ṣe òkè ni ọ̀nà ti dí. Àárín ló ti há, ibẹ̀ sì ni gbogbo lẹ́tà tí a mú lóṣù yìí ti wá.

Ọdún kẹfà mi rèé ní ẹ̀ka ìpolówó ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan. Èmi ni mò ń bójú tó Facebook àti Instagram, èmi náà ni mò ń ṣètò ayẹyẹ. Ọkùnrin tí a jọ wọlé ti di mánéjà. Wọ́n ní èmi ò tíì mọ ọjà. Kí ni kí n ṣe? (Ìkẹjà)

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gan-an ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ayẹyẹ àti ìkànnì ayélujára, iṣẹ́ tó ń náwó ni wọ́n. Ẹni tó lè sọ iye tí owó náà mú padà wálé ni wọ́n ń fi ṣe ọ̀gá. Wọ́n sì máa ń tètè ti obìnrin sídìí ìnáwó, kí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ iye ọjà, ẹ̀dínwó àti àwọn alágbàtà lé ọkùnrin lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Ẹ tọrọ àyè láti lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé ọjà kiri, kì í ṣe àbẹ̀wò ọjọ́ kan tí ẹ ó ya fọ́tò. Ẹ bá wọn jókòó nínú ọkọ̀ tó ń já ọjà. Ẹ mú ọjà kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ tọ ipa rẹ̀ láti ẹnu géètì títí dé ọwọ́ ẹni tó máa lò ó. Ká ní páálí ọṣẹ ẹlẹ́yọ 48 kúrò nílé-iṣẹ́ ní ₦18,000, alágbàtà tà á ní ₦18,700, oníṣọ́ọ̀bù sì ń ta ẹyọ kan ní ₦450. Oníṣọ́ọ̀bù rí ₦2,900 lórí páálí. Tí ilé-iṣẹ́ bá tẹ ₦400 sára ọṣẹ yẹn láìdín iye páálí kù, ₦500 péré ló kù fún un. Abẹ́ káńtà ni yóò fi í sí, yóò sì gbé ọṣẹ ẹlòmíràn síwájú. Kò sí ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n tó máa fà á jáde níbẹ̀. Ọ́fíìsì ò lè rí irú nǹkan yìí lórí kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè ìpolówó. Ká ní ẹ ná mílíọ̀nù mẹ́fà náírà, èrè orí páálí kan sì jẹ́ ₦1,500 lẹ́yìn owó ìpèsè àti owó ọkọ̀. 4,000 páálí ló máa dá owó yín padà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí iye tí ì bá tà láìsí ìpolówó. Bó bá jẹ́ 10,000 lẹ ń tà lóṣù, tẹ́ ẹ wá ta 13,000, iṣẹ́ ìpolówó ò ju 3,000 lọ, ẹ sì ti jẹ gbèsè mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ 13,000 yẹn síwèé bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ni ìpolówó tà.

Ó tún kù. Tí ẹ̀dínwó bá wà nínú rẹ̀, àwọn alágbàtà á ra ọjà oṣù tó ń bọ̀ jọ sílẹ̀. Oṣù kejì á wálẹ̀ sí 8,000. Ẹ ro oṣù méjèèjì pọ̀: 21,000 dípò 20,000. Ẹgbẹ̀rún kan páálí péré lẹ fi mílíọ̀nù mẹ́fà rà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka ohun tó kúrò lórí àtẹ, tí a kì í ka ohun tó wọ sítọ́ọ̀ alágbàtà. Ẹ yan ṣọ́ọ̀bù 30, ẹ ka ọjà inú wọn kí ìpolówó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì máa padà kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú iye tí wọ́n tún rà. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan fún ọ̀gá yín lóṣooṣù, kí orúkọ yín wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìròyìn mẹ́ta irú rẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè fún ọjà kékeré kan tí ẹ̀yin fúnra yín á máa ṣe ètò ìnáwó rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu béèrè.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe mánéjà agbègbè. Mẹ́ta nínú àwọn tó wà lábẹ́ mi dàgbà jù mí lọ. Tí mo bá béèrè àkọsílẹ̀ gbèsè oníbàárà, wọ́n á ní, “Ìyàwó wa, fara balẹ̀ o.” (Ìbàdàn)

“Bọ̀dá” tí ẹ ń pè wọ́n, ẹ máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkíni àti “ẹ” kò bu ipò yín kù. “Ìyàwó wa” níwájú oníbàárà ni kò dáa. Ẹ pe èyí tó dàgbà jù sẹ́yìn, ẹ ní: “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tá a bá wà lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ máa pè.” Bí ẹ bá ti yanjú rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, òun ló máa bá àwọn yòókù sọ ọ́.

Ní ti iṣẹ́, ìwé ni kó máa sọ̀rọ̀. Ìpàdé ogún ìṣẹ́jú ní àárọ̀ Mọ́ńdè, lórí ìwé tó ní òpó mẹ́ta: oníbàárà, iye tó jẹ, ọjọ́ tó máa san. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ka àwọn tẹ́ ẹ bẹ̀ wò fúnra yín, kí kálukú tó ka tirẹ̀. Ẹ má rán ọ̀dọ́ sí àgbà pé kó mú ìwé wá. Èyí tó sì ń pa mánéjà obìnrin jù ni pé kó bá wọn kọ ọ́ lálẹ́ kí àlàáfíà lè wà. Tó bá fi máa tó oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ rẹ̀ ló ti dà. Tí àyè ẹnì kan bá ṣófo, ẹ jẹ́ kó ṣófo níwájú gbogbo wọn.

Ìwé-ẹ̀rí NIMN ni kí n gbà ni àbí ti ARCON? (Èkó)

Òfin ọdún 2003 ló gbé NIMN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ títa ọjà, kalẹ̀ fún iṣẹ́ títa ọjà lápapọ̀. ARCON, àjọ ìjọba tó ń darí ìpolówó, ni òfin ọdún 2022 fi rọ́pò APCON tó ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ìpolówó lẹ ń ṣe, ti ARCON ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé. Ìgbìmọ̀ wọn gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ti oúnjẹ àti oògùn sì tún gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ NAFDAC kọjá. Ẹni tí kò fi àkókò yẹn sínú ètò rẹ̀ ni ìpolówó Iléyá rẹ̀ máa ń jáde lẹ́yìn Iléyá.

Mo fẹ́ lọ fún ìsinmi ìbímọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á gbé ọjà tí mò ń bójú tó fún ẹlòmíràn. (Abẹ́òkúta)

Labour Act, abala 54, fún yín ní ọ̀sẹ̀ 12: mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà, owó tí wọ́n máa san fún yín lásìkò náà kò gbọdọ̀ kéré sí ìdajì owó oṣù yín, wọn kò sì gbọdọ̀ fún yín níwèé ìdádúró lásìkò ìsinmi náà. Tẹ́ ẹ bá padà, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ jẹ́ tiyín láti fún ọmọ lọ́mú. Ẹ ka lẹ́tà ìgbàṣẹ́ yín, ó lè dáa ju èyí lọ.

Òfin kò sọ̀rọ̀ nípa ọjà yín, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Oṣù kan ṣáájú, ẹ kọ lẹ́tà tó ní iye ọjà tó ń tà báyìí, owó tó kù nínú ètò ìnáwó, ìpolówó tó ń bọ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tó máa bá yín dì í mú, àti ọjọ́ tí yóò dá a padà. Kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín.