Ping ń dáhùn, SSH ò wọlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ilé ni mo ti ń gba orí WireGuard (irinṣẹ́ VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì) wọ sáfà iléeṣẹ́ wa. Ping (àṣẹ tó ń wò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn) ń dáhùn, àmọ́ SSH (tí mo fi ń wọ sáfà láti òkèèrè) á kàn dúró gbagidi. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Páákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá) kéékèèké ń kọjá, àwọn ńlá ni kò ráyè. Lórí Linux, ẹ tẹ ping -M do -s 1392 àti àdírẹ́sì sáfà náà. Bó bá kọ̀, ẹ máa dín 1392 náà kù títí yóò fi dáhùn. Ẹ fi 28 (báìtì tí orí páákẹ́ẹ̀tì ping ń gbà) kún iye tó dáhùn, òun ni MTU yín, ìyẹn ìwọ̀n páákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tó lè kọjá. Tó bá jẹ́ 1380, tí orúkọ ojú ọ̀nà WireGuard yín sì jẹ́ wg0, ẹ tẹ: sudo ip link set dev wg0 mtu 1380. Àwọn tó ń dí ICMP (iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń jíṣẹ́ ìṣòro fún ara wọn) pa lójú ọ̀nà ló máa ń fa wàhálà yìí (wọ́n á ní ààbò ni!): iṣẹ́ tí ráútà rán pé ẹrù ti tóbi jù kì í dé ọ̀dọ̀ yín.