Ìtàn Ọ̀bọ Ilẹ̀ Ṣáínà: Èwo Ni Kí N Rà Fún Ọmọ Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Géèmù ọ̀bọ tó jáde láti Ṣáínà lọ́dún 2024 ló wọ ọmọ mi lórí, ló bá ní kí n ra ìwé tí wọ́n ti mú ìtàn náà fún òun. Ọmọ ọdún 15 ni. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọ̀kan ní Wu Cheng'en ló kọ ọ́, òmíràn ní Ch'iu Ch'ang Ch'un. Ọ̀kan jẹ́ ìwé kan ṣoṣo, òmíràn jẹ́ mẹ́rin. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Orúkọ ẹni tó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ti òǹkọ̀wé. A máa ń bá irú ìdààmú yìí pàdé dáadáa ní láíbìrì wa.

Journey to the West ni ìwé ìtàn ọ̀bọ yẹn ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀dà rẹ̀ tó pẹ́ jù nínú èyí tó ṣẹ́ kù, Nanjing ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1592. Kò sí orúkọ òǹkọ̀wé lára rẹ̀, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pàápàá ní òun ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e fún Qiu Changchun (òun náà ni Ch'iu Ch'ang Ch'un tí ẹ rí), àlùfáà ẹ̀sìn Dáò ti ilẹ̀ Ṣáínà, tó rìnrìn àjò lọ bá Genghis Khan, ọba àwọn Mongol. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ìwé nípa ìrìn àjò náà, àkọlé ìwé ọ̀hún sì bá ti ìtàn ọ̀bọ mu. Bí wọ́n ṣe so méjèèjì pọ̀ nìyẹn, irọ́ sì ni. Ti Wu Cheng'en sàn díẹ̀: ìwé ìtàn agbègbè Huai'an, ìlú rẹ̀, ní ó kọ ìwé kan tó ń jẹ́ Xiyou ji, orúkọ tí ìtàn ọ̀bọ yìí ń jẹ́ lédè Ṣáínà. Èyí ni Hu Shi àti Lu Xun, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Ṣáínà, dì mú láàárín ọdún 1920 sí 1930. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ yẹn ò sọ irú ìwé tó jẹ́. Lójú tèmi, "wọ́n ní Wu Cheng'en ni" ló yẹ kí wọ́n máa kọ sára èèpo ìwé.

Èyí tí ẹ rí orúkọ Ch'iu lára rẹ̀, ti Timothy Richard ni, míṣọ́nnárì ọmọ Wales, ọdún 1913. Ó ké ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn náà kúrú, ó sì ń wá ẹ̀sìn Kristẹni kiri nínú ìtàn àlùfáà Búdà tó ń lọ kó ìwé mímọ́ wá láti Íńdíà. Ẹ fi í sílẹ̀.

Monkey tí Arthur Waley tú lọ́dún 1942 ni mo fẹ́ràn jù. Orí 30 péré ló mú nínú 100, ó sì da èyí tó pọ̀ jù nínú ewì rẹ̀ nù. Waley ò dé Ṣáínà rí láyé rẹ̀ o! Síbẹ̀, ó mọ ohun tó yẹ kó mú. Ìjàpá funfun kan wà tó gbé àwọn arìnrìn-àjò sọdá odò, tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun bi Búdà ìgbà tí òun máa di èèyàn. Àlùfáà gbàgbé. Nígbà tí wọ́n ń darí bọ̀, ìjàpá tún gbé wọn, ó béèrè iṣẹ́ tó rán wọn, ó sì rì wọ́n sómi tìwé-tìwé. Waley mú ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ méjèèjì, kò já ìtàn sílẹ̀ lágbedeméjì.

Fún ọmọ yín, ẹ ra ti Julia Lovell, Monkey King, ti Penguin, ọdún 2021. Òun náà gé e kúrú, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sọ. Tó bá kà á tán tó sì ń béèrè pé kí ni wọ́n yọ, ẹ wá ti W. J. F. Jenner, ìdìpọ̀ mẹ́ta láti Beijing, odindi ìtàn láìsí àlàyé tó ń dí ojú ìwé. Onímẹ́rin yẹn, ti Anthony C. Yu, ni ti ẹni tó fẹ́ mọ gbogbo ewì àti ọ̀rọ̀ Dáò inú rẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2012 ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì bi ontàwé bóyá iye tó pè jẹ́ ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí wọ́n máa ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.