Èsì: Iná E1 tàn, àmọ́ ìpè ò kọjá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní iná E1 (ìlà díjítà tó ń gbé ìpè púpọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù) lára PBX yín (ẹ̀rọ tó ń pín ìpè nínú ọ́fíìsì) tàn ní àwọ̀ ewé, síbẹ̀ ìpè ò wọlé, ìpè ò jáde, ẹ wá ń bèèrè bóyá káàdì ló bàjẹ́. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí iná yẹn ń sọ ò ju pé ẹ̀rọ méjèèjì ń gbúròó ara wọn lórí wáyà. Èdè tí wọ́n fi ń ṣètò ìpè, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà 32 ló wà nínú E1, láti 0 dé 31, 64 kbit/s ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn ń gba 30 nínú wọn. Ọ̀nà 16 ni ti signaling (èdè ìṣètò ìpè yẹn), ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà yín wà. Bó bá jẹ́ PRI (irú signaling kan), odidi ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá: èyí tó ń jẹ́ SETUP á gbé nọ́ńbà lọ, CONNECT á dé nígbà tí wọ́n bá gbé fóònù. Bó bá jẹ́ R2 (irú mìíràn), bíìtì mẹ́rin péré ni ọ̀nà ohùn kọ̀ọ̀kan ní níbẹ̀. Nọ́ńbà fúnra rẹ̀ á gba ọ̀nà ohùn bí ìró. Ẹ kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù yín èwo ni wọ́n fún yín.

Tó bá jẹ́ PRI, “user” ni kí PBX yín jẹ́, kí tiwọn jẹ́ “network”. (Mo ti fi odidi ọ̀sán kan tú wáyà rí nítorí èyí.) Ẹ wá tan debug Q.921 (àkọsílẹ̀ bí ẹ̀rọ méjèèjì ṣe ń ṣí ọ̀nà signaling). Tí SABME (“ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀”) bá ń lọ léraléra tí UA (“mo gbà”) ò dá a lóhùn, D-channel (ọ̀nà 16 yẹn) ò tíì dìde nìyẹn.