Esther ṣáájú Ẹniọlá: bí a ṣe ń dán òfin títo orúkọ wò nínú dátábéèsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ìwé orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ajárá, l'Àgbádárìgì níbí. PostgreSQL 16, ètò dátábéèsì kan, ni mo fi ń ṣe é. Mo ṣe collation (òfin títo ọ̀rọ̀) tèmi, mo pè é ní yo_ba, kí orúkọ lè máa tò bí a-b-d wa ṣe tò, mo sì fi orúkọ mẹ́jọ dán an wò: Emmanuel, Ẹniọlá, Ganiyu, Gbénga, Òjó, Ọlájùmọ̀kẹ́, Samuel, Ṣọlá. Gbogbo rẹ̀ tò geere. Àfi ìgbà tí mo tẹ ìwé náà jáde fún ìpàdé: Ẹniọlá wà lókè Esther, Gbénga wà láàárín Ganiyu àti Godwin. Akápò wa wá Gbénga lẹ́yìn gbogbo G, kò rí i. Níbo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú làálàá. Ó ṣeé ṣe kí òfin rẹ má ní àbùkù kankan. Ìdánwò rẹ ni kò dán nǹkan kan wò. Gbé orúkọ mẹ́jọ yẹn fún dátábéèsì tí kò gbúròó òfin rẹ rí, tó ń to ọ̀rọ̀ bí òyìnbó ṣe ń tò ó, bákan náà ni yóò tò wọ́n. Lójú òyìnbó, E àti Ẹ lẹ́tà kan náà ni, àfikún lásán ni wọ́n ka àmì róbótó ìsàlẹ̀ yẹn sí. Nítorí náà lẹ́tà kejì ló yanjú Emmanuel àti Ẹniọlá: m ṣáájú n, ó parí. Lójú tiwa náà Emmanuel ló ṣáájú, ṣùgbọ́n torí pé E ti tán kí Ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀nà méjì ló já síbì kan náà. Orúkọ mẹ́fà yòókù bẹ́ẹ̀ ni.

Orúkọ tí òfin méjèèjì yóò jà lé lórí ni kó o wá. Esther àti Ẹniọlá: òyìnbó á ní n ṣáájú s, kí Ẹniọlá bọ́ síwájú, àwa á ní Esther ni. Godwin àti Gbénga. Olúwaṣeun àti Ọlájùmọ̀kẹ́. Sunday àti Ṣadé. Má sì gbàgbé àárín ọ̀rọ̀, torí gb kì í jókòó síbẹ̀rẹ̀ nìkan: Adégòkè gbọ́dọ̀ ṣáájú Adégbọ́lá. Mẹ́wàá yìí sàn ju igba orúkọ tó o kàn ṣà jọ.

Fúnra rẹ ni kó o kọ bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n tò, lórí ìwé, kó o tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Bó o bá kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀rọ gbé jáde, ojú rẹ á gbà á. Ṣe tábìlì kékeré kan, pè é ní idanwo, fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ipò rẹ̀: Adégòkè 1, Adégbọ́lá 2, Esther 3, Ẹniọlá 4, Godwin 5, Gbénga 6, Olúwaṣeun 7, Ọlájùmọ̀kẹ́ 8, Sunday 9, Ṣadé 10. Da wọ́n rú nígbà tó o bá ń kó wọn wọlé. Lẹ́yìn náà:

SELECT ipo, oruko FROM idanwo ORDER BY oruko COLLATE yo_ba;

Nọ́ńbà ni kó o kà. Láti 1 dé 10 ni kó lọ. Wàyí o, yọ COLLATE yo_ba kúrò, tún un ṣe. Bí dátábéèsì rẹ bá ń to ọ̀rọ̀ bí òyìnbó, 2, 1, 4, 3, 6, 5, 8, 7, 10, 9 lo máa rí. Ó gbọ́dọ̀ dàrú báyẹn. Bí kò bá dàrú, ìdánwò náà kò tíì gún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé tẹ́ ẹ tẹ̀ nìyẹn, lójú tèmi: kò sí COLLATE nínú àṣẹ tó tẹ̀ ẹ́, collation náà kò sì sí lára kọ́ọ̀mù orúkọ. ALTER TABLE ni kó o fi so ó mọ́ kọ́ọ̀mù náà, kó má baà jẹ́ pé ẹni tó bá rántí nìkan ló ń rí i lò.

Bí ó bá dàrú pẹ̀lú COLLATE náà ńkọ́? Fi òfin rẹ wé èyí:

&E < ẹ <<< Ẹ &G < gb <<< Gb <<< GB &O < ọ <<< Ọ &S < ṣ <<< Ṣ

Àmì < kan ń sọ pé lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni. Mẹ́ta ń sọ pé ńlá àti kékeré lẹ́tà kan náà ni. Àmì tó ṣáájú E, G, O àti S ń sọ pé ẹ̀yìn lẹ́tà náà ni kí àwọn tó tẹ̀lé e jókòó sí. Ọdún 2023 ni PostgreSQL 16 jáde pẹ̀lú àyè láti kọ irú òfin báyìí. Èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, yo-x-icu lorúkọ rẹ̀. Fi tìrẹ wé e.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àmì ohùn. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ẹ́ tó kẹ́yìn Jùmọ̀kẹ́ bí ẹ tí a fi àmì òkè lé, òmíràn á kọ ọ́ bí é tí a fi àmì róbótó sí nídìí. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Dátábéèsì á ní ènìyàn méjì ni, obìnrin kan ṣoṣo á sì ní ojúewé ìfowópamọ́ méjì. Fi normalize sọ gbogbo orúkọ di NFC (ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan) kó tó wọlé, kó o sì fi Jùmọ̀kẹ́ oríṣi méjèèjì kún ìdánwò rẹ. Àwọn kan tún ń fi ìlà kékeré sí ìsàlẹ̀ dípò àmì róbótó. Normalize kò lè tún ìyẹn ṣe, ìwọ lo máa fi replace pààrọ̀ rẹ̀.

Torí pé Àgbádárìgì lo wà, wo orúkọ àwọn Ògù dáadáa. Zannu àti Viavonu ní z àti v tí a-b-d wa kò ní. Òfin rẹ kò kàn wọ́n, ipò wọn àtijọ́ ni wọ́n ń wà, ṣùgbọ́n fi wọ́n sínú ìdánwò. Àwọn tó ti òdìkejì ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wá lè máa fi ɛ àti ɔ kọ orúkọ wọn, bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin. Jọ̀wọ́, má yí orúkọ ẹnikẹ́ni padà. Fi << ɛ <<< Ɛ kún un lẹ́yìn Ẹ, kí ó jókòó ti ẹ; àmì méjì ń sọ pé lẹ́tà kan náà ni, ìrísí ló yàtọ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ɔ lẹ́yìn Ọ.

Tọ́jú tábìlì idanwo yẹn. Nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá sọ sáfà di tuntun, tún un ṣe kẹ́nikẹ́ni tó wọlé. Bí PostgreSQL bá kìlọ̀ pé ẹ̀dà collation ti yí padà, REINDEX (títún atọ́ka dátábéèsì kọ́) ni kó o kọ́kọ́ ṣe, kó o tó ṣe ALTER COLLATION yo_ba REFRESH VERSION.